Ọmọ ẹṣin mẹ́rin, ẹ̀yà kòkòrò mẹ́ta: ta ló kó àrùn wọ oko?

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Kentucky ní Amẹ́ríkà. Mo gé lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò:

"Ẹ̀gbọ́n Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko ẹṣin kan lẹ́bàá Lexington ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹta rèé. Láti àárín oṣù kẹrin ni àwọn ọmọ ẹṣin wa ti ń wúkọ́. Mẹ́rin ló dùbúlẹ̀, ọ̀kan ti kú. Èyí tó kú yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì ni wọ́n bí i, èmi gan-an ni mo gbẹ̀bí rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ọ̀gá wa sọ pé abo ẹṣin kan tó ti Texas dé ní òpin oṣù kẹta ló kó àrùn wọlé, ó sì ti ń bá ẹni tó ni ẹṣin náà fa ẹjọ́. Dókítà ẹran fa omi jáde nínú gògóńgò àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ránṣẹ́ sí láàbù. Èsì dé: kòkòrò tó ń jẹ́ Rhodococcus equi ni gbogbo wọn, jíìnì vapA wà lára gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yà mẹ́ta ni láàbù kà nínú mẹ́rin. Ọ̀gá ní irọ́ ni, pé pápá kan náà ni wọ́n ti ń jẹko, báwo ni kòkòrò wọn á ṣe yàtọ̀ síra? Ó tún fẹ́ ká máa fún àwọn mọ́kàndínlógún tó kù ní oògùn, àtèyí tó ń ṣàìsàn àtèyí tí ara rẹ̀ dá. Ṣé láàbù ló ṣì í? Ṣé DNA yìí lè mú ẹni tó jẹ̀bi?"

Àbúrò mi, mo bá ọ kẹ́dùn ọmọ ẹṣin yẹn. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀bí ẹran lóru, tó nu imú rẹ̀, tó dúró tì í títí ó fi dìde lórí ẹsẹ̀ gbọọrọ mẹ́rin tó ń gbọ̀n, mọ̀ pé kì í ṣe ẹran lásán ló kú. Ìbéèrè méjì lo bi mí, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà rẹ: bóyá láàbù ṣàṣìṣe, bóyá abo ẹṣin Texas ló jẹ̀bi, àti bóyá kí ẹ da oògùn sí gbogbo ọmọ ẹṣin lẹ́nu. Mo rò pé láàbù kò ṣàṣìṣe. Mo rò pé ìwé yẹn kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ti oògùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n a ò lè débẹ̀ láì kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀dá tí kòkòrò náà jẹ́.

Ohun tí ọ̀gá rẹ kò tíì gbà ni pé kòkòrò yìí kì í ṣe àlejò. Onílé ni. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ìgbẹ́ ẹṣin ni oúnjẹ tó fẹ́ràn jù, bí ojú ọjọ́ bá sì ti móoru tí ìgbẹ́ wà nílẹ̀, ńṣe ló máa ń pọ̀ sí i bí eṣú. Magnusson ló kọ́kọ́ rí i lára ọmọ ẹṣin tó ní òtútù àyà ní Sweden lọ́dún 1923, Corynebacterium equi ló sì ń jẹ́ nígbà náà. Ọdún 1977 ni wọ́n sọ ọ́ di Rhodococcus equi, àwọn kan tún ti ń pè é ní Prescottella equi báyìí. Bí o bá rí orúkọ kẹta yẹn nínú ìwé láàbù lọ́jọ́ kan, má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ rò pé àrùn mìíràn ló tún dé. Ìbátan kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife lára ènìyàn ni, ó sì jọ ọ́ níwà: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kí wọ́n gbé e mì kí wọ́n sì pa á, inú wọn gan-an ló ń fi ṣe ilé. Ẹṣin àgbà ń fà á símú, ó ń gbé e mì mọ́ koríko lójoojúmọ́, á sì yà á jáde láìṣe é ní nǹkan kan. Ọmọ ẹṣin ni kò tíì lágbára yẹn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìbí ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń fa eruku tó gbé kòkòrò náà símú. Àrùn á wá máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọyún á máa kó jọ díẹ̀díẹ̀, ọmọ á ṣì máa sáré kiri pápá. Nígbà tí ẹ bá fi máa gbọ́ ikọ́, tí ihò imú ń fẹ̀, tí ìhà ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, wàhálà náà lè ti lé ní oṣù kan. Láàárín ọmọ oṣù kan sí oṣù mẹ́rin ló sábà máa ń hàn lára wọn.

Nígbà tí mo ń kọ́ ìṣègùn ẹran ní Ìbàdàn, kíá la ka àrùn yìí kọjá. Eṣinṣin tsetse ló ń ba ẹlẹ́ṣin lẹ́rù nílẹ̀ wa, láti ayé àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wá. Oko tí abo ẹṣin ti ń bímọ lọ́pọ̀ yanturu, èmi ò rí i nílé. Kentucky ni mo ti wá rí ibi tí ọgọ́rùn-ún abo ẹṣin ti ń bímọ láàárín oṣù díẹ̀, torí pé ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n ń ka ọjọ́ orí gbogbo ẹṣin eré ìje sí, oníkálukú sì ń fẹ́ kí tirẹ̀ tètè wáyé. Kó gbogbo àwọn ọmọ yẹn sójú kan, jẹ́ kí ìyá wọn tẹ koríko pa títí ilẹ̀ fi di eruku, o ò tún nílò ọ̀daràn láti Texas mọ́.

Jẹ́ ká wá sọ ti vapA, torí mo rí i pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú mọ́ ọ̀gá rẹ lọ́wọ́. Jíìnì kan ni. Kò sí lára DNA ńlá tí kòkòrò náà fi ń jẹ́ ara rẹ̀. Orí DNA kékeré kan tó ká bí òrùka, tó dá dúró lọ́tọ̀, tí à ń pè ní plasmid, ló wà. Fi í wé ońdè tí ọdẹ so mọ́dìí. Bí ọdẹ bá tú ońdè sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò yí padà, ìran rẹ̀ kò yí padà, àmọ́ kì í ṣe ọdẹ àná mọ́. Kòkòrò tó bá sọ plasmid yìí nù kò lè ṣe ọmọ ẹṣin ní jàǹbá. Sẹ́ẹ̀lì á gbé e mì, á sì dà á bí oúnjẹ. Èyí tí plasmid wà lára rẹ̀ ní tirẹ̀ á pèsè purotéènì tí kò ní jẹ́ kí àpò tí wọ́n gbé e sí nínú sẹ́ẹ̀lì ní omi kíkan tó bó ṣe yẹ, á wá jókòó síbẹ̀, á máa bímọ. Ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ ní Japan àti ní Kánádà, oníkálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, fi purotéènì yìí àti plasmid rẹ̀ hàn lára àwọn kòkòrò tó ń pa ọmọ ẹṣin. Ẹlẹ́dẹ̀ ní vapB tirẹ̀, màlúù àti ewúrẹ́ ní vapN tiwọn. Nítorí náà, tí láàbù bá ní vapA wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun tó ń sọ kò ju pé kòkòrò yìí ní ohun tó lè fi pa ọmọ ẹṣin. Ó wúlò, torí pé ọ̀pọ̀ Rhodococcus equi tó wà nínú ilẹ̀ ni kò ní in, tí kò sì lè ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kò sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Bí ọlọ́ṣà mẹ́rin bá gbé ṣakabùlà dání, ṣé a ó ní ilé kan náà ni wọ́n ti wá? Plasmid yìí gan-an tún lè kúrò lára kòkòrò kan bọ́ sára òmíràn, bí ìgbà tí ènìyàn yá ènìyàn ní ìbọn.

Ìgbà tí láàbù bá fẹ́ mọ ìran ni wọ́n á yíjú sí DNA ńlá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà tí a mọ̀ ni pé ká gé DNA náà sí wẹ́wẹ́, ká kó o sínú nǹkan kan tó dì bí ẹ̀kọ tútù, ká wá fi iná mànàmáná fà á láti alẹ́ dé àárọ̀, tí iná náà ń yí ìhà padà láti ìgbà dé ìgbà. Èyí tó kéré á sáré síwájú, èyí tó tóbi á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Tó bá di àárọ̀, ìlà á ti tò síbẹ̀ bí abàjà lẹ́rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà, a ó wá máa fojú wò ó: tibí jọ tọ̀hún, tibí kò jọ tọ̀hún. Ilà ojú ní ohun tó ń sọ, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ ènìyàn méjì lè kọ abàjà kan náà kí wọ́n má bára wọn tan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ka lẹ́tà, ìyẹn àwọn ẹyọ tó tò tẹ̀lé ara wọn di DNA, nínú jíìnì mélòó kan tí wọ́n yàn. Lónìí, wọ́n lè ka gbogbo rẹ̀ láti orí dé ìrù. Ọdún 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ gbogbo rẹ̀ jáde fún kòkòrò ọmọ ẹṣin kan tí wọ́n ń pè ní 103S, lẹ́tà rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ìyẹn kúrò ní ilà ojú. Oríkì ni, ó ń ka baba ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé "ẹ̀yà mẹ́ta" tí wọ́n kọ sínú ìwé yín kò ní ìtumọ̀ kan pàtó àfi tí ẹ bá mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà kà á. Tó bá jẹ́ ilà ni wọ́n wò, béèrè bí ìlà mélòó ṣe yàtọ̀. Tó bá jẹ́ gbogbo DNA ni wọ́n kà, béèrè lẹ́tà mélòó ló wà láàárín wọn. Tó bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́wàá, ẹbí tó súnmọ́ra nìyẹn. Tó bá jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọn ò mọ ara wọn rí. Èyí tó bá bọ́ sí agbedeméjì ni àríyànjiyàn máa ń wà lórí rẹ̀, kò sì sí ààlà kan tí gbogbo láàbù fẹnu kò lé.

Wàyí o, kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta? Ilẹ̀ oko yín kò ní ìran kòkòrò kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ìran ló jọ ń gbé níbẹ̀, bóyá kí ọ̀gá rẹ tó ra oko náà rárá. Níbi tí wọ́n bá ti fara balẹ̀ ṣe irú àyẹ̀wò yìí, ohun tí wọ́n sábà ń bá pàdé ni ẹ̀yà púpọ̀ nínú oko kan, nígbà mìíràn ẹ̀yà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ẹṣin kan.

Èyí tí mo sọ kẹ́yìn yẹn ti dójú tì mí rí. Ní láàbù tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, wọ́n kó àwo méjì fún mi, ti ọmọ ẹṣin méjì tó jọ ń gbé ibùso kan. Bí o bá gbin kòkòrò yìí sórí àwo tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́, ọjọ́ kìíní kò ní sí nǹkan gidi kan. Tó bá di ọjọ́ kejì, á ti wú, á máa dán, á ti ń ṣàn lu ara wọn. Tí o bá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń he é kàn án, á fà bí ilá. Àwọ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹran ẹja salmon. Mo he ẹyọ kan lórí àwo kọ̀ọ̀kan, mo ṣe gbogbo iṣẹ́ tó yẹ, mo wá kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, pé ọmọ ẹṣin méjèèjì kò kó o níbì kan náà. Ìyá àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wa ka ìwé náà, kò bú mi. Ó kàn ní, "Mélòó lo he?" Mo ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n padà lọ he mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Nígbà tí ilà jáde, ọmọ ẹṣin àkọ́kọ́ ní ẹ̀yà mẹ́ta, èkejì ní méjì, ẹ̀yà kan sì wà lára àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ń yangàn, ibi tí wáyà mi bọ́ sí ló fà á. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ láàbù yín: mélòó ni wọ́n he lórí àwo kọ̀ọ̀kan? Tó bá jẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tó sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ torí owó, a jẹ́ pé mẹ́ta yẹn ni iye tó kéré jù. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ọmọ ẹṣin méjì tí kòkòrò wọn jẹ́ ẹ̀yà kan náà ńkọ́? Ọ̀gá rẹ máa fẹ́ sọ pé ọ̀kan ló kó o ran èkejì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí pé ọmọ ẹṣin tó ń ṣàìsàn máa ń mí kòkòrò náà síta, ó sì máa ń gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mì tí á fi bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé eruku kan náà ni wọ́n jọ fà símú, lórí ilẹ̀ kan náà, lọ́jọ́ tó yàtọ̀ síra. DNA kò lè yà á sọ́tọ̀ fún ọ. Mo rò pé àrùn mìíràn ló wà lọ́kàn ọ̀gá rẹ, ìyẹn strangles, èyí tó máa ń wú ẹṣin lábẹ́ àgbọ̀n tí ọyún á fi tú síta. Ìyẹn kì í gbé inú ilẹ̀ pẹ́ títí. Ara ẹṣin ni ilé rẹ̀, láti ara ẹṣin kan ló ń lọ sára èkejì, ó sì lè sá pamọ́ fún oṣù tàbí ọdún sínú àpò kan tó wà nínú orí ẹṣin tí ara rẹ̀ ti yá. Níbẹ̀, àyẹ̀wò ìran wúlò láti tọ ipasẹ̀. Lọ́dún 2021, àwọn onímọ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi ka DNA kòkòrò strangles 670 láti orílẹ̀-èdè 19, wọ́n sì rí bí ó ṣe ń bá ẹṣin tí wọ́n ń tà àtèyí tí wọ́n ń kó lọ síbi ìdíje rìn kọjá òkun. Ká ní strangles ló ṣẹlẹ̀ lóko yín ni, tí abo ẹṣin Texas sì ní ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ, èmi fúnra mi á ní kí ọ̀gá rẹ pe lọ́yà.

Tó bá jẹ́ dandan ni kí ọ̀gá rẹ fi Rhodococcus pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́, wo ohun tó máa nílò: erùpẹ̀ oko yín tí wọ́n bù pa mọ́ kí abo ẹṣin náà tó dé, ìgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, erùpẹ̀ oko tó ti wá, àti ọ̀pọ̀ kòkòrò láti inú ìkọ̀ọ̀kan wọn, tí wọ́n ka DNA gbogbo wọn. Èmi ò tíì rí olóko tó ń bu erùpẹ̀ pa mọ́ de ọjọ́ ẹjọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ wá rí ẹ̀yà kan náà nínú ìgbẹ́ abo ẹṣin náà lónìí, lọ́yà tó mọṣẹ́ á kàn béèrè pé ṣé kì í ṣe oko yín ló ti jẹ ẹ́ mọ́ koríko ni.

Níbi tí mo bá ti máa ná owó àyẹ̀wò DNA tó bá jẹ́ tèmi, ibi oògùn ni. Láti àwọn ọdún 1980 ni oògùn méjì tí a ń pa pọ̀ ti ń gba ọmọ ẹṣin là lọ́wọ́ àrùn yìí: rifampicin, èyí tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, àti ọ̀kan nínú ìdílé macrolide, bí erythromycin, azithromycin tàbí clarithromycin. Wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa débi pé àwọn oko bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ ultrasound wo àyà gbogbo ọmọ ẹṣin, ẹni tí wọ́n bá rí àmì díẹ̀ lára rẹ̀, ó di oògùn, ì báà máa wúkọ́, ì báà má wúkọ́. Ó dà bí ọgbọ́n. Lọ́dún 2013 ni ìròyìn oko kan jáde, ní Kentucky yín níbẹ̀, tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tí oògùn méjèèjì kò sì ran ọ̀pọ̀ kòkòrò inú oko náà mọ́. Nígbà tí wọ́n wá ka DNA irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ láti oko káàkiri Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ ìran kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n ń pè ní 2287. Jíìnì kan tó ń jẹ́ erm(46) ni wọ́n fi ń kojú macrolide, orí plasmid mìíràn tó lè fò láti ara kòkòrò kan sí òmíràn ló sì wà; àyípadà lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì rpoB ni wọ́n fi ń kojú rifampicin. Lọ́dún 2016, wọ́n bá ọmọ ìran kan náà pàdé ní Ireland. Ṣé o rí i? Níhìn-ín, àyẹ̀wò ìran sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú lásán rí: pé oògùn tí olóko kan ń lò ní ìlòkulò lè di ìṣòro olóko mìíràn lókè òkun. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Wọn ò mọ Rhodococcus, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà bá a mu.

Nítorí náà, ti mọ́kàndínlógún yẹn. Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ̀gá rẹ. Ọmọ kan ti kú, ẹṣin kan lè tó owó ilé, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó káwọ́ gbera. Bí ọmọ ẹṣin bá ní ibà, tó ń wúkọ́, tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ, tí àwòrán sì fi ọyún ńlá hàn nínú àyà rẹ̀, oògùn ni, lójú ẹsẹ̀, láìjiyàn. Èyí tí ara rẹ̀ dá, tó ń mu ọmú dáadáa, tí àmì kékeré wà lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ìyẹn ni kó dúró. Ní oko ńlá kan ní Jámánì, wọ́n pín irú àwọn ọmọ ẹṣin bẹ́ẹ̀ sọ́nà, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn gidi, wọ́n fún àwọn mìíràn ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú, ọ̀pọ̀ àwọn tí kò rí oògùn gidi gbà ni ara wọn yá fúnra wọn. Oògùn náà kì í ṣe omi lásán. Macrolide kì í jẹ́ kí ọmọ ẹṣin làágùn bó ṣe yẹ, tí oòrùn bá mú, ara rẹ̀ á gbóná débi tó lè pa á. Ẹ má jẹ́ kí èyí tó ń lò ó dúró nínú oòrùn ọ̀sán. Ìyá tó bá sì lá erythromycin lẹ́nu ọmọ rẹ̀ tàbí nínú ìgbẹ́ rẹ̀ lè yàgbẹ́ gbuuru títí tó fi máa kú. Ẹ máa wọn ibà gbogbo wọn láràárọ̀, ẹ máa fi ultrasound wò wọ́n lọ́ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, kí dókítà yín pinnu lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó máa jáde. Èmi kò sí níbẹ̀, n ò gbé etí lé àyà ẹnikẹ́ni nínú wọn, tí dókítà yín bá rí ohun tí èmi ò rí, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé.

Ní ti oko fúnra rẹ̀, ìwádìí láti Australia fi hàn pé kòkòrò tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí ọmọ ẹṣin ń mí ló bá iye àwọn tó ń ṣàìsàn rìn. Ẹ kó ìgbẹ́ kúrò, ẹ wọ́n omi sí ibi tó ti di eruku, ẹ gbé wọn lọ síbi tí koríko ṣì wà, ẹ má kó wọn pọ̀ jù, kí ẹ sì ya èyí tó ń wúkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn jòjòló. Fún ọdún tó ń bọ̀, ẹ bi dókítà nípa plasma, omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lára ẹṣin tí wọ́n ti fi kòkòrò yìí kọ́ lára, tí wọ́n ń fà sí ọmọ lára ní ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì. Kì í dí ọ̀nà pátápátá, ó ń dín in kù. Àjẹsára gidi, kò tíì sí. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì wà tí agbára ìdáàbòbò ara rẹ̀ kò pé, bóyá nítorí HIV tàbí oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn pípààrọ̀ kíndìnrín, kí onítọ̀hún má gbá ibùso láìbo imú, torí kòkòrò yìí ń mú irú wọn.

Kí o tó lọ bá ọ̀gá rẹ, fóònù láàbù, kí o bi wọ́n bóyá kòkòrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà ní ìpamọ́, kí wọ́n wá erm(46) àti àyípadà rpoB lára wọn. Kí dókítà fi ìgbẹ́ abo ẹṣin Texas náà kún un: bó bá jẹ́ pé ọmọ ìran 2287 ló gbé wá, yíyà á sọ́tọ̀ ló kàn, ẹjọ́ kọ́. Má sọ ọ́ níwájú àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Mú ìwé kékeré kan, kọ ọjọ́ méjì sórí rẹ̀: ọjọ́ tí o gbẹ̀bí ọmọ tó kú, àti ọjọ́ tí ọkọ̀ já abo ẹṣin náà sílẹ̀. Ọmọ náà ti lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lórí ilẹ̀ yín, nínú eruku yín, kí abo ẹṣin yẹn tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. N ò lè búra pé kò lè kó o láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó kẹ́yìn, torí nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ti da kòkòrò púpọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró, ó ti yá ju bẹ́ẹ̀ lọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró tí dókítà yín ṣí lẹ́yìn ikú rẹ̀, tó bá ṣí i, béèrè bí awọ tó bo ọyún náà ti nípọn tó. Awọ tó nípọn kì í hù lọ́sẹ̀ méjì.